Ìtàn Ìgbésí Ayé Dókítà David Livingstone, àti Bí Ó Ti Ṣe Kọ́ Iṣẹ́ Ìṣègùn

Orúkọ David Livingstone kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti jókòó rí nínú kíláàsì ilé-ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Láti ìgbà èwe wa ni a ti ń gbọ́ nípa kìnnìún tí ó bù ú jẹ ní èjìká, nípa omi ńlá tí ń já bọ́ láti òkè lórí odò Zambezi, àti nípa Stanley tí ó wá a kiri títí ó fi rí i ní Ujiji. Àwọn ìtàn wọ̀nyí dára, kò sì sí olùkọ́ tí yóò sọ wọ́n fún àwọn ọmọ kéékèèké tí kíláàsì kò ní pa rọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà nínú ayé ọkùnrin yìí tí àwọn tí ń sọ ìtàn rẹ̀ máa ń fò kọjá pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo, èyíinì ni ìgbà òtútù ọdún 1836 sí 1837, nígbà tí ó kọ́kọ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ìlú Glasgow. Àwa tí agogo ń jí lówùúrọ̀, tí agogo kan náà sì ń lé lọ sùn lálẹ́, ni mo rò pé ìgbà náà kàn jù lọ. Nítorí náà ibẹ̀ ni n ó pẹ́ sí jù nínú ìtàn yìí, kí àwọn olùkọ́ wa má ṣe bínú bí mo bá sáré kọjá lórí àwọn òkè àti odò.

A bí Livingstone ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1813 ní Blantyre, ìletò kan létí odò Clyde ní ilẹ̀ Scotland, tí ó tó máìlì 8 sí Glasgow. Neil ni orúkọ bàbá rẹ̀, Agnes sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Bàbá náà ń kiri tíì tà láti ojúlé dé ojúlé, ó sì jẹ́ olùfọkànsìn tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Yàrá kan ṣoṣo ni gbogbo ìdílé náà ń gbé, nínú ilé ńlá kan tí àwọn tí ó ni ilé-iṣẹ́ òwú kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sùn. Ọmọ méje ni a bí fún wọn, márùn-ún sì ni ó dàgbà.

Nígbà tí Dáfídì di ọmọ ọdún mẹ́wàá, a mú un lọ sí ilé-iṣẹ́ òwú náà. Iṣẹ́ tí a fún un ni láti máa rìn lọ rìn bọ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ tí ń ran òwú, kí ó máa ṣọ́ fọ́nrán tí ó bá já, kí ó sì so ó pọ̀ kíákíá. Agogo mẹ́fà òwúrọ̀ ni iṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, agogo mẹ́jọ alẹ́ ni ó ń parí, kò sì sí ìsinmi láàárín bí kò ṣe àkókò oúnjẹ òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán. Àwọn ìyá ńlá wa tí ń ran òwú nílé lè máa ran án kí wọ́n sì máa tàkúrọ̀sọ, kí wọ́n máa kọrin, kí wọ́n sì dá ọmọ lẹ́kun lẹ́sẹ̀ kan náà. Ti ilé-iṣẹ́ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, nítorí ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí ẹnìkan gbọ́ ohùn ẹnìkejì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kì í dúró de ọmọ tí ó rẹ̀.

Nínú owó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó gbà, ó yọ díẹ̀ ó sì fi ra ìwé gírámà Látìnì tí Ruddiman kọ. Bí iṣẹ́ bá parí ní agogo mẹ́jọ, ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni ó ń lọ títí di agogo mẹ́wàá. Nígbà tí ó bá sì padà dé ilé, kì í lọ sùn. Yóò tún jókòó ti ìwé rẹ̀ títí di agogo méjìlá òru, nígbà mìíràn yóò ré kọjá bẹ́ẹ̀, àfi bí ìyá rẹ̀ bá dìde tí ó sì gba ìwé náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tipátipá. Mo mọ̀ pé ọmọ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò yìn níhìn-ín yìí. Ìyá rẹ̀ ni èmi yìn. Ẹni tí yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀ kò lè fi gbogbo òru rẹ̀ fún ìwé kí ara rẹ̀ sì dá ṣáṣá, obìnrin náà sì mọ èyí láìjẹ́ pé ó ka ìwé ìṣègùn kankan.

Bí òru ti kéré tó fún un yìí ni ó mú kí ó wá ọgbọ́n mìíràn dá sí ọ̀sán. Ó gbé ìwé rẹ̀ lé orí ẹ̀rọ ní ibi tí yóò ti máa rí i bí ó ti ń rìn kọjá. Bí ó bá ń lọ, yóò mú gbólóhùn kan. Bí ó bá ń bọ̀, yóò mú òmíràn. Láàárín méjèèjì ọwọ́ rẹ̀ ń so òwú, ọkàn rẹ̀ sì ń yí gbólóhùn náà sọ́tùn-ún sósì. Báyìí ni ó ṣe di pé ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ó ti ka púpọ̀ nínú ìwé àwọn akéwì Látìnì, Virgil àti Horace. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́rìí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ẹ̀rọ wọ̀nyí ni ó fún òun ní agbára láti yọ ọkàn kúrò nínú ariwo pátápátá, tó bẹ́ẹ̀ tí òun lè kàwé kí òun sì kọ̀wé ní ìrọ̀rùn níbi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, tàbí níbi tí gbogbo abúlé ti ń jó tí wọ́n ń lùlù.

Kì í ṣe gbogbo ìwé ni bàbá rẹ̀ fẹ́ kí ó máa kà. Ìwé ẹ̀sìn ni Neil fẹ́. Ìwé ìrìn àjò àti ìwé nípa ewéko, òkúta àti ìràwọ̀ ni ọmọ fẹ́. Ìgbà ìkẹyìn tí bàbá náà na ọmọ rẹ̀, nítorí pé ó kọ̀ láti ka ìwé ẹ̀sìn kan tí Wilberforce kọ ni. Ní àkókò kan náà, òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ń rìn kiri nínú igbó Blantyre, wọ́n ń já ewé, wọ́n sì ń fi wé ohun tí ó wà nínú ìwé egbòogi àtijọ́ ti Culpeper. Nígbà tí ó di nǹkan bí 1832, ó rí ìwé kan tí Thomas Dick kọ, èyí tí ó fi hàn án pé ẹni tí ń wádìí iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run kò di ọ̀tá Ọlọ́run. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ní 1834 ìpè kan tí ó ti ọ̀dọ̀ míṣọ́nnárì Gutzlaff wá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, pé kí a rán àwọn dókítà onígbàgbọ́ lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà. Láti ọjọ́ náà ni ó ti pinnu láti di dókítà.

Ìpinnu kò ṣòro. Owó ni ó ṣòro. Ní ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún a ti gbé e ga nínú iṣẹ́, ó ti di ẹni tí ń darí ẹ̀rọ ìrànwú fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ náà nira fún ọ̀dọ́mọkùnrin tí ara rẹ̀ kò tíì gbó, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ dára. Ètò tí ó ṣe ni pé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn òun yóò wà nídìí ẹ̀rọ, òun yóò sì tọ́jú owó. Ní ìgbà òtútù òun yóò fi owó náà kàwé. Ó bá a mu bẹ́ẹ̀ pé ní ilẹ̀ Scotland ní ayé ìgbà náà, oṣù òtútù ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga fi ń kọ́ni, tí wọ́n sì ń tú ká ní oṣù kẹrin.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó yàn ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Anderson ní Glasgow. Ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ẹni tí ó fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. John Anderson jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Glasgow, ó sì máa ń gba àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láyè láti wá gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ wọn. Nígbà tí ó kú ní 1796, ó fi ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ kí a lè fi dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò ṣí sí irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ni ó ti inú rẹ̀ di Yunifásítì Strathclyde ti òde òní. Bí kò bá sí ìwé ìhágún Anderson, n kò mọ ilẹ̀kùn tí ọmọ Blantyre ìbá kàn.

Ní ọjọ́ kan nínú ìgbà òtútù náà, tí òjò dídì ti bo ojú ọ̀nà, Neil àti ọmọ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn láti Blantyre lọ sí Glasgow. Wọ́n wá yàrá kiri ní gbogbo ọjọ́ náà. Èyí tí wọ́n bá rí, owó rẹ̀ ga ju àpò wọn lọ. Nígbẹ̀yìn wọ́n rí ọ̀kan ní òpópó tí a ń pè ní Rotten Row, ní ṣílè méjì lọ́sẹ̀. Bàbá náà sì yí padà sí Blantyre. Ọmọ rẹ̀ lọ fi orúkọ sílẹ̀, ó tọ àwọn olùkọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ tí í ṣe pọ́n-ùn 12, ó sì kọ̀wé sí ilé pé gbogbo rẹ̀ ti parí, ṣùgbọ́n pé lẹ́yìn tí bàbá òun ti lọ, ìdáwà mú òun gidigidi. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni, tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn. Kí ẹni tí ó sunkún ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí ó dé ilé-ẹ̀kọ́ wa má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Kò pẹ́ kò jìnnà, ó ṣàkíyèsí pé tíì àti ṣúgà tí òun gbé wá láti ilé ń dínkù ní ìgbà tí òun kò sí nílé. Ìyá onílé ni ó ń bù ú. Livingstone kò bá a jà. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí High Street, níbi tí yàrá ti gba ṣílè méjì àti sísì lọ́sẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé sísì kan kò tó nǹkan, kí ó rántí pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi so fọ́nrán tí ó di sísì náà. Ṣùgbọ́n mo rò pé ó ṣe ìṣirò tí ó tọ́. Ẹni tí ń kàwé tí ó tún ń ṣọ́ ṣúgà rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ méjì, kò sì sí èyí tí yóò ṣe yanjú. Àǹfààní mìíràn sì tún wà níbẹ̀: ní ọdún wọnnì High Street ni Yunifásítì Glasgow wà, ibẹ̀ ni ó sì ti ń kọ́ Gíríkì.

Nítorí kì í ṣe ìṣègùn nìkan ni ó wá kọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ Anderson ni ó ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ní Yunifásítì ni ó ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ Gíríkì. Lọ́dọ̀ Dókítà Wardlaw ni ó ti ń gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run. Ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ̀nyí, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ìgbà tí ó wà nídìí ẹ̀rọ. Níbẹ̀, ẹlòmíràn ni ó ń darí wákàtí rẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, etí wákàtí nìkan ni tirẹ̀. Ní Glasgow, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́wàá, gbogbo ọjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni irú òmìnira yìí ti pa lára. Èmi pàápàá ti rí àwọn tí wọ́n ń kàwé dáadáa ní ilé bàbá wọn, tí ìgbà tí kò sí ẹni tí ń pè wọ́n mọ́, wọn kò lè pe ara wọn. Ohun tí ó gba Livingstone ni pé ó mọ iye tí wákàtí kọ̀ọ̀kan ná an. Bí ó bá sun oorun ọ̀sán, ó mọ iye ìrìn lọ rìn bọ̀ nídìí ẹ̀rọ tí ó fi oorun náà jẹ.

Kí ni a ń kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní ayé ìgbà náà? A ń kọ́ ọ ní ẹ̀yà ara ènìyàn, egungun lẹ́yìn egungun, iṣan lẹ́yìn iṣan, pẹ̀lú orúkọ wọn ní Látìnì. Níhìn-ín ni ìwé Ruddiman ti san owó rẹ̀ padà. A ń kọ́ ọ ní bí a ti ń po oògùn. Thomas Graham, ọ̀kan nínú àwọn tí ó lókìkí jù lọ ní ìgbà náà nínú ẹ̀kọ́ kẹ́místrì, ni ó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ náà. Dókítà Andrew Buchanan náà wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀, ó sì di ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí ayé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ìṣègùn ìgbà náà dà bí ti òní. Kò sí oògùn tí a fi ń mú kí aláìsàn sùn kí a tó fi ọ̀bẹ kàn án, nítorí ọdún 1846 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ether hàn fún gbogbo ayé. Ẹni tí a ń gé ní ẹsẹ̀ ń wo ẹni tí ń gé e. Bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì mọ̀ pé àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ni ó ń mú kí ojú ọgbẹ́ bàjẹ́. Ní ìlú Glasgow yìí kan náà ni Lister ti bẹ̀rẹ̀ sí fi oògùn apakòkòrò wẹ ọgbẹ́ ní 1865. Nítorí náà ojú tí ó ríran, etí tí ó gbọ́ràn, ọwọ́ tí ó yá àti ọpọlọ tí kì í gbàgbé ni gbogbo ohun ìjà tí akẹ́kọ̀ọ́ ní.

Ọ̀gbẹ́ni Graham ní olùrànlọ́wọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń jẹ́ James Young. Young ní tábìlì iṣẹ́ kan nínú yàrá rẹ̀, ati irinṣẹ́ oríṣiríṣi, àti ẹ̀rọ tí a fi ń yí igi àti irin láti gbẹ́ wọn. Livingstone a máa lọ síbẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, ó sì kọ́ bí a ti ń lo irinṣẹ́ wọ̀nyí. Ó lè dà bí ẹni pé ó ń fi àkókò ṣòfò, ẹni tí àkókò wọ́n lójú rẹ̀ tó báyìí. Ṣùgbọ́n ní Áfíríkà òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ ilé rẹ̀, ó sì tún ìbọn àti kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń kùn sí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ fi èyí sí ọkàn. Ní ti Young, òun ni ó wá ọ̀nà tí a fi ń fa epo jáde láti inú èédú ilẹ̀ lẹ́yìn náà, tí ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1850. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ mú irú epo tí a ń pè ní epo òyìnbó wá sí inú fìtílà, èyí tí àwọn olùkọ́ àtijọ́ ilẹ̀ wa fi kàwé la òru já. Ó di ọlọ́rọ̀ gidigidi, kò sì gbàgbé ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin 1837 ilé-ẹ̀kọ́ tú ká. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn padà sí Blantyre, ó bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tún lọ dúró nídìí ẹ̀rọ ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀. Mo ti ro ọjọ́ náà lọ́pọ̀ ìgbà. Àwa a máa fẹ́ kí àwọn ará ilé rí wa nínú aṣọ funfun nígbà ìsinmi, a kì í sì í fẹ́ fọwọ́ kan ọkọ́ mọ́. Òun ti mọ orúkọ gbogbo egungun ọwọ́ ní Látìnì, ó sì tún ń fi ọwọ́ náà so òwú. Ìgbà òtútù kejì dé, ó padà sí Glasgow, ó sì ṣe bí ó ti ṣe ní ti àkọ́kọ́.

Ní 1838 Ẹgbẹ́ Míṣọ́nnárì ti Lọ́ńdọ̀nù gbà á láti dán an wò, wọ́n sì rán an lọ sí Ongar lọ́dọ̀ olùkọ́ kan. Níbẹ̀ kò tayọ. Ní ọjọ́ tí a ní kí ó lọ wàásù, ó há ìwàásù náà sórí, ó gun àga ìwàásù, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ. Ó sọ fún ìjọ pé òun ti gbàgbé, ó sì sá jáde. Díẹ̀ ni ó kù kí ẹgbẹ́ náà lé e padà. Lẹ́yìn èyí ó tún kọ́ ìṣègùn sí i ní àwọn ilé ìwòsàn Lọ́ńdọ̀nù. Ogun tí ó bẹ́ sílẹ̀ nítorí opium ti ọ̀nà Ṣáínà mọ́ ọn. Robert Moffat tí ó ti gúúsù Áfíríkà bọ̀ sì yí ojú rẹ̀ sí ilẹ̀ wa. Ní oṣù kọkànlá 1840 ó padà sí Glasgow láti gba ìwé ẹ̀rí dókítà. Ìdánwò náà gùn ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí òun àti àwọn tí ń dán an wò ṣe iyàn lórí ohun èlò tí a fi ń gbọ́ ìró àyà, ohun tí ó lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Ìbá rọrùn kí ó gbà fún wọn. Kò gbà, wọ́n sì tún fún un ní ìwé ẹ̀rí náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 17 oṣù náà, bàbá rẹ̀ tún sin ín rìn láti Blantyre dé Glasgow, ní ọ̀nà kan náà tí wọ́n jọ rìn nínú òjò dídì ní 1836. Ní etí odò ni wọ́n ti pínyà. Wọn kò fojú kan ara wọn mọ́, nítorí Neil kú ní 1856, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ dé ilé.

Ó dé Áfíríkà ní 1841. Láti kọ́ èdè Setswana, ó kúrò lọ́dọ̀ àwọn Òyìnbó pátápátá, ó sì gbé láàárín àwọn ọmọ ilẹ̀ ní Lepelole fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Ní 1844, ní Mabotsa, kìnnìún kọlù ú, ó sì fọ́ egungun apá òsì rẹ̀. Ẹni tí ó fi ìbọn fa kìnnìún náà kúrò lára rẹ̀ ni Mebalwe, ọmọ Áfíríkà, olùkọ́ bí tiwa, kìnnìún náà sì bu òun náà jẹ. Egungun náà kò jinná déédéé títí tí ó fi kú. Ọba Sechele tí ó gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn náà mọ gbogbo álífábẹ́ẹ̀tì ní ọjọ́ kan ṣoṣo, èyí tí n kò tíì rí ọmọ kíláàsì kìíní tí ó lè ṣe é. Láàárín 1853 àti 1856 ó rìn dé Luanda ní ìwọ̀-oòrùn, ó sì yí padà títí ó fi dé Quelimane ní etí òkun ìlà-oòrùn.

Ibà ni ọ̀tá rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Ó po kuníìnì mọ́ àwọn oògùn tí ń fọ inú, ó sì ń lò ó fún ara rẹ̀ àti fún àwọn tí ó bá a rìn. Ní 1854 kan náà, Dókítà Baikie, ọmọ Scotland bí tirẹ̀, gun odò Ọya pẹ̀lú Samuel Àjàyí Crowther nínú ọkọ̀ Pleiad, ó ń fún àwọn Òyìnbó inú ọkọ̀ ní kuníìnì lójoojúmọ́, kò sì sí ọ̀kan tí ó kú nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn àjò ti 1841, tí Crowther náà wà nínú rẹ̀, ti pa ènìyàn púpọ̀.

Kò yẹ kí a fi ibi tí ó kù sí pamọ́. Ẹni tí ó ti ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́rìnlá láti ọmọ ọdún mẹ́wàá kò mọ ohun tí à ń pè ní àárẹ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí ó jẹ́ olórí àwọn tí ìjọba rán lọ sí Zambezi ní 1858 sí 1864, ó bá ọ̀pọ̀ nínú wọn jà, ó sì lé àwọn kan lọ. Àwọn ìdílé míṣọ́nnárì tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ìròyìn rẹ̀ lọ sí Linyanti, ọ̀pọ̀ nínú wọn kú níbẹ̀ ní 1860, àtọmọdé àtàgbà. Màríà aya rẹ̀, ọmọ Moffat, kú lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Shupanga ní 1862. Ó fi òṣùwọ̀n ara rẹ̀ wọn gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹni tí ó wà ní Ongar tàbí Glasgow tí ó kọ́ ọ pé òṣùwọ̀n náà kì í ṣe ti gbogbo ayé.

Ní oṣù kìíní 1867, nínú ìrìn àjò rẹ̀ ìkẹyìn, àwọn kan nínú àwọn aláàárù rẹ̀ sá lọ pẹ̀lú ẹrù tí àpótí oògùn wà nínú rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí dókítà, ó mọ̀ lọ́jọ́ náà pé a ti dá ẹjọ́ ikú fún òun. Síbẹ̀ ó ń kọ ohun tí ó rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí ìwé tán ní 1871, ó fi oje èso igi ṣe tàdáwà, ó sì kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dábùú orí ìwé ìròyìn ògbólógbòó, títí kan bí àwọn oníṣòwò ẹrú ti pa àwọn ènìyàn ní ọjà Nyangwe. Oje náà ṣá pátápátá. Ọdún 2011 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ka gbogbo rẹ̀ jáde.

Ó kú ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún 1873 ní abúlé Chitambo, nínú ilẹ̀ tí a ń pè ní Zambia lónìí. Lórí eékún ni wọ́n bá a ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Susi àti Chuma àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sin ọkàn rẹ̀ sábẹ́ igi kan níbẹ̀. Jacob Wainwright, tí a ti gbà sílẹ̀ kúrò lóko ẹrú, tí ó sì kọ́ ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì ní Índíà, ni ó ka àdúrà ìsìnkú. Wọ́n sá ara náà gbẹ nínú oòrùn, wọ́n dì í bí ẹrù, wọ́n sì rù ú ju máìlì 1,000 lọ dé etí òkun. Nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù, Sir William Fergusson, oníṣẹ́ abẹ, yẹ apá òsì wò, ó sì rí egungun tí kò jinná náà. Nípa rẹ̀ ni a fi mọ̀ pé òun ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 1874 ni a sin ín sí Westminster Abbey.

Susi àti Chuma kò bá ìsìnkú náà. James Young, ọ̀rẹ́ ìgbà òtútù ti Glasgow nì, ni ó san owó tí wọ́n fi wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kan náà. Wọ́n jókòó ti Horace Waller, ẹni tí ń tún àkọsílẹ̀ olóògbé ṣe fún títẹ̀, wọ́n sì ń ṣàlàyé fún un ibi tí ọ̀rọ̀ kò bá ti yéni. Nígbà tí wọ́n dé ilé Young ní Scotland, wọ́n kọ́ àpẹẹrẹ ahéré tí Livingstone kú sí, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rí bí ó ti rí.